Kí Ẹ Tó Sọ Pé Gáàsì Ti Tán

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fíríìjì, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bà wá lórúkọ jẹ́: "Gáàsì ti tán." Oníbàárà á ní fíríìjì òun ò tutù mọ́, oníṣẹ́ ò tíì fà á kúrò lára ògiri tó ti ń dárúkọ owó gáàsì. Gáàsì kì í tán. Ojú kan náà ló ń yí po: á kúrò nínú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, á gba inú páìpù dúdú ẹ̀yìn, á gba páìpù tín-ín-rín wọ ibi tó ń dì, á sì tún padà. Bó bá dín, a jẹ́ pé ibì kan ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń họ yìnyín ló lu ú. Ẹni tó bá rọ òmíràn sí i láì wá ibi tó ti ń jò, owó olówó ló ń tú dà sáfẹ́fẹ́.

Fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀, ooru ló ń kó jáde. Ẹ rántí spírítì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá wa kó tó gún wa lábẹ́rẹ́: bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru ara lọ, lara wa fi ń tutù. Ohun tí gáàsì ń ṣe nínú fíríìjì nìyẹn. Láfẹ́fẹ́ lásán, R134a, ọ̀kan lára àwọn gáàsì fíríìjì, ti ń hó ní nǹkan bíi dígíríì 26 sísàlẹ̀ òdo, nítorí náà ooru ara omi tẹ́ ẹ gbé sínú fíríìjì tó láti mú un hó. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á wá fún un pọ̀, á gbóná, á sì lọ da ooru náà sẹ́yìn. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ kí yàrá lè tutù, yàrá yẹn á túbọ̀ móoru ni.

Torí náà, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: ibo ni ooru ń gbà jáde, ibo ló ń gbà wọlé? Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ẹ wò ó bóyá eruku ló bò ó, tàbí wọ́n gbé e lẹ́ ògiri. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ti kú. Àwọn fíríìsà kan wà tí ẹ̀gbẹ́ wọn máa ń gbóná, wọ́n á sì fi ìbẹ̀rù pè yín. Inú ara ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n gbé páìpù gbígbóná sí, kò bàjẹ́ rárá. Ẹ má gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tiwa yìí ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀, agbára gáàsì ò tíì rọlẹ̀ nínú páìpù. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á kùn díẹ̀, á sì já. Ìṣẹ́jú bíi 5 péré ló nílò. Ẹ fi mítà wo iná náà pẹ̀lú, torí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó yẹ kó jẹ fóòtì 220 ò lè gbéra lórí 150, mo sì ti rí èyí tára ẹ̀ dá ṣáṣá tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún.

Èyí tó kù le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun, gáàsì tí wọ́n ń pè ní R600a ló wà nínú wọn, iná sì ń ràn án. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná ìjópáìpù. Ìwọ̀nba ni gáàsì yẹn máa ń jẹ́, kì í sábà tó gíráàmù 100 nínú fíríìjì ilé, nítorí náà orí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ ti rọ ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n ọ́n. Ẹ fún náítírójìn sínú páìpù, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ híhó pa á lára láti wá ibi tó ń jò. Ẹ má fi ọ́síjìn dípò náítírójìn láé: bó bá pàdé ọ́ìlì kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ó lè bú gbàmù.