Wọ́ṣà ni àbí bẹ́rìn? Ẹ̀kọ́ tí oríkèé ọ̀bẹ kíká kọ́ mi

Bí ọ̀bẹ kíká bá ń ṣí wàrà nígbà tí a fi àtàǹpàkò tì í, inú ẹni tó fẹ́ rà á máa ń dùn. Òǹtajà á ní, "Bẹ́rìn ló wà nínú ẹ̀ o," bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. Ohun tí mo kọ́ ni pé ibi tí ọ̀bẹ máa ti ṣiṣẹ́ ni kéèyàn fi yan oríkèé ẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń yára ṣí ní ìsọ̀.

Wọ́ṣà ni àwo pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí kì í jẹ́ kí irin ọ̀bẹ máa ha èèkù. Ó fẹ́lẹ́, èyí tó wọ́pọ̀ máa ń wà láàárín 0.25 sí 0.5 mìlímítà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti phosphor bronze, ìyẹn bàbà tí wọ́n po tánganran àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ mọ́. Ó rọ̀ ju irin ọ̀bẹ lọ, nítorí náà òun ló ń gbó dípò irin. Bó sì ṣe ń gbó ló ń dán, ni ọ̀bẹ ń rọrùn sí i láti ṣí. Òun ló wà nínú ọ̀bẹ Spyderco Paramilitary 2, òun náà ló wà nínú Sebenza tí Chris Reeve ṣe ("ṣiṣẹ́" ni sebenza túmọ̀ sí lédè Zulu). Wọ́ṣà náílọ̀n àti Teflon náà wà. Owó wọn ò pọ̀, wọ́n sì ń yọ̀, àmọ́ wọ́n rọ̀ jù. Bí síkúrù bá fún wọn, wọ́n á tẹ̀, ọ̀bẹ tí ẹ ti fún dáadáa á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìpẹ́.

Bẹ́rìn ní tiẹ̀, kóró róbótó ni wọ́n tò yí oríkèé ká. Ìwọ̀n kóró tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.6 mìlímítà. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ, inú òrùka náílọ̀n tàbí idẹ ni kóró ń jókòó sí. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní IKBS, tí Flavio Ikoma ará Bràsíìlì àti Rick Lala gbé jáde, kò sí òrùka rárá. Inú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n da kóró sí. Kóró ń yí, wọ́ṣà ń wọ́: ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Àǹfààní tó tibẹ̀ jáde kì í ṣe eré nìkan. Ẹ lè fún síkúrù bẹ́rìn dáadáa títí ọ̀bẹ ò fi ní mì sọ́tùn-ún sósì mọ́, kó sì ṣì máa ṣí wẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fún wọ́ṣà bẹ́ẹ̀, á gan.

Àmọ́ orí ibi bíńtín ni kóró kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀, gbogbo agbára síkúrù sì ń wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ tó ń sáré lé lórí gbọ́dọ̀ le. Irin ọ̀bẹ fúnra ẹ̀ ti le tó, HRC (ìwọ̀n bí irin ṣe le tó) 58 sí 62 ni ọ̀pọ̀ wọn. Èèkù ni ìṣòro. Bí kóró bá jókòó ní tààràtà sórí titanium, alumíníọ́mù tàbí G10 (fáíbà gíláàsì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle dì pọ̀), á gbẹ́ òrùka síbẹ̀. Ipa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán kò burú. Bó bá di kòtò kéékèèké, tí kóró kọ̀ọ̀kan ní ihò tiẹ̀, ọ̀bẹ á máa ta kọ́ lójú kan náà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè fún síkúrù tó máa wò ó sàn. Fífún síkúrù ní àfúnjù ló sábà ń fa ìyẹn, tàbí kí ọ̀bẹ já lulẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá tú ọ̀bẹ bẹ́rìn, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ wá ni àwo irin líle pẹlẹbẹ láàárín kóró àti èèkù. Tí kò bá sí, tí èèkù sì jẹ́ nǹkan tó rọ̀, èmi ò ní sanwó gọbọi lé e. Wọ́n á sọ fún yín pé kóró seramíìkì kì í dípẹtà. Òótọ́ ni, àmọ́ ó le ju ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lọ, ilẹ̀ ló máa jìyà.

Ìdọ̀tí ló tún kù. Wọ́ṣà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè fún iyanrìn láti wọlé. Bẹ́rìn kún fún yàrá: iyanrìn, òwú inú àpò, omi ọsàn tó ti gbẹ tó sì lẹ̀, gbogbo wọn ló ń rí ibi sá sí. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ kóró ti tó kẹ́ ẹ fi máa gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ọ̀bẹ oko, ọ̀bẹ etí òkun, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pa ẹja, wọ́ṣà ni mo máa ń sọ. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láìtú u, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀kán kan sí oríkèé, ó parí. Ọ̀bẹ ọ́fíìsì tó ń ṣí lẹ́tà àti páálí, bẹ́rìn tó o.

Títú u gba sùúrù. Torx T8 (irin ìtúsíkúrù tí ẹnu ẹ̀ rí bí ìràwọ̀) ló sábà ń bá síkúrù oríkèé mu, T6 sì ni fún ara èèkù. Bí síkúrù bá lẹ̀, ẹ má fi agbára yí i, orí ẹ̀ á bó. Ẹ fi ṣóńṣó irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé kan orí síkúrù fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á rọ̀. Inú àwo tẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí ni kẹ́ ẹ ti tú u. Bó bá jẹ́ IKBS, ẹ ka kóró apá kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mú un kúrò. Òòfà á bá yín wá ti irin tó bá sọnù, kò ní wá ti seramíìkì. Nígbà títò padà, gírísì díẹ̀ ló máa di kóró mú kó má bàa yí lọ. Ẹ fi isopropyl alcohol nu ẹsẹ̀ síkúrù, kẹ́ ẹ wá fi ṣóńṣó igi ìtayín tọ́ gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù sí i bíńtín. Ẹ má lo pupa láéláé. Bí búlúù náà bá sàn wọ bẹ́rìn, àtúntú ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fún un, ẹ fún un títí irin á fi gan, kẹ́ ẹ wá máa dá síkúrù padà díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdá mẹ́jọ àyíká kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó ti ń ṣí tí kò sì mì ni kẹ́ ẹ dúró sí. Sebenza 21 ò sí nínú òfin yìí, nítorí ó ní bọ́ọ̀ṣì (ọ̀pá kékeré oníhò tí síkúrù ń fún mọ́) lóríkèé. Fífún un dé òpin ni. Bí wọ́ṣà tuntun bá ń ha, ẹ fi sáńdípépà 2000 tẹ́ ẹ tẹ́ sórí gíláàsì dán an, ẹ yí i róbótó. Ẹ dán méjèèjì bákan náà; bí ọ̀kan bá fẹ́lẹ́ jù, irin á fì sápá kan.

Ẹ̀bi tí kì í ṣe ti oríkèé náà wà. Kóró kékeré kan ń bẹ lára irin ìdè inú èèkù, òun ló ń di ọ̀bẹ mú nígbà tó bá wà ní kíká. Bó bá ń tẹ̀ jù, ọ̀bẹ á le láti ṣí, a ó sì máa bú wọ́ṣà. Ẹ fa irin ìdè náà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ má fi ìka sí ọ̀nà ojú ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ wá mi irin ọ̀bẹ. Bó bá lọ wẹ́rẹ́, ẹ fi oríkèé sílẹ̀.

Opinel, ọ̀bẹ kíká tí èèkù ẹ̀ jẹ́ igi, ò ní wọ́ṣà, kò ní bẹ́rìn. Igi ló ń fún irin ẹ̀. Bí igi náà bá mu omi, á wú, ọ̀bẹ ò ní ṣí mọ́ àfi bó bá gbẹ. Tiẹ̀ kò ní síkúrù tẹ́ ẹ lè tú, nítorí náà ẹ má rì í sómi nígbà fífọ̀.