A lọ bu yẹ̀pẹ̀ ní aṣálẹ̀ Atacama

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti Antofagasta, torí ibẹ̀ la ti wọ jíìpù kílẹ̀ tó mọ́. Ìlú etíkun ni, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Chile, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kẹ̀yìn sókun tẹ́ ẹ wakọ̀ wọnú lọ síhà Yungay, koríko ò sí mọ́, eṣinṣin ò sí, òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ pupa nìkan ló kù, ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ èémí ara mi. Lọ́dún 2003 làwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ jọ ti pílánẹ́ẹ̀tì Mars, àwọn NASA, ilé iṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, náà sì máa ń gbé ẹ̀rọ wọn lọ dán wò ní Atacama. Èmi ò dán ẹ̀rọ kankan wò o, bakitéríà, àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tójú lásán ò lè rí, ni mo wá lọ.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ò pẹ́ rárá. A wọ ìbọ̀wọ́, a ha òkè ilẹ̀ kúrò, a bu ti abẹ́ sínú ike, ó tán. Ẹ̀rù tó ń bà mí ò ju pé kí bakitéríà ara tèmi má lọ kó sí i, torí èèyàn sín lásán, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Láàbù gan-an nìrìnàjò ti wá bẹ̀rẹ̀. A po yẹ̀pẹ̀ yẹn mọ́ omi oníyọ̀, a fomi là á léraléra, a wá tẹ́ ẹ sórí ágà R2A, ohun tó dì bí ẹ̀kọ tá a fi ń gbin bakitéríà nínú pẹ́réètì, tóúnjẹ inú ẹ̀ ò pọ̀, torí tóúnjẹ bá ti pọ̀ jù, àwọn tó ń yára dàgbà á bo àwọn tó ń fà mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, òfo. Ọ̀sẹ̀ kejì, òfo, wọ́n ní ká dà á nù, mo ní rárá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ṣí pẹ́réètì kan báyìí, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ló gbá mi nímú! Geosmin nìyẹn, àwọn bakitéríà bíi Streptomyces ló máa ń ṣe é. Ẹ wo ibi tójò ò ti ń rọ̀ o, omi dé mi lójú.

Àmọ́ téèyàn bá rí nǹkan, ìyẹn ò ní kó jẹ́ tuntun. A ka jíìnì 16S ẹ̀, ìyẹn apá kan nínú DNA tí gbogbo bakitéríà ní, tó jẹ́ nǹkan bíi lẹ́tà 1,500, a fi wé ti gbogbo àwọn tí ayé ti mọ̀, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ò jọ ọ́ tó ìdá 98.7 nínú 100, tó bá sì ti wálẹ̀ báyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yà tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa jó níbẹ̀, lójú tèmi ìyẹn ò tó. A ka odindi DNA ẹ̀, ìjọra tìyẹn náà bọ́ sábẹ́ ìdá 95 nínú 100 tí wọ́n fi ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, lẹ́yìn náà a wá kó òun àtàwọn ìbátan ẹ̀ sójú kan náà, ooru kan náà, oúnjẹ kan náà, a wo iyọ̀ tó lè fara dà, ṣúgà tó ń jẹ, ọ̀rá tó wà lára ẹ̀. Oṣù bíi mélòó kan nìyẹn gbà, mi ò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀.

Òfin ni pé ó gbọ́dọ̀ wà láàyè ní ilé ìpamọ́ bakitéríà méjì, ní orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kórúkọ ẹ̀ tó lè múlẹ̀. A fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí DSMZ ní Braunschweig, ní Jámánì, èkejì lọ sí Japan. Orúkọ Látìn tá a fún un ti wà nílẹ̀, mi ò lè tíì kọ ọ́ síbí àfi tíwèé tá a kọ nípa ẹ̀ bá jáde. Ike kan ṣì wà nínú fíríìsà wa ní -80°C, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà sí i lára.