Pizza nínú ófùn gáàsì: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà

Ààrò onígi tí wọ́n fi ń yan pizza ní Naples, ní ilẹ̀ Ítálì, máa ń gbóná kọjá 430°C, kò sì ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ tí pizza fi ń jinná nínú rẹ̀. Ófùn gáàsì ilé wa, kódà bí ẹ bá yí i dópin, agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 250°C lọ. Pizza á lo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ tò lé e lórí á sì máa da omi sílẹ̀. Omi yẹn ló ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ rí pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ti gan.

Fíláwà búrẹ́dì ni kí ẹ bèèrè lọ́jà, kì í ṣe ti kéèkì. Fún pizza mẹ́ta: fíláwà gíráàmù 500, omi 325, iyọ̀ 10, yíìsì 3 (bíi ṣíbí ìmutíì kan), òróró ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mudu kò bá iṣẹ́ yìí mu. Ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá gé díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fà á pẹ̀lú ìka. Bí ó bá fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá tí kò ya, ó ti tó.

Nígbà ooru, bí oṣù kẹta, omi inú táǹkì fúnra rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tútù látinú fíríìjì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dín yíìsì kù sí gíráàmù 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á wú kí ẹ tó yíjú. Nígbà ọyẹ́, aṣọ tútù ni kí ẹ fi bò ó, torí ojú rẹ̀ á gbẹ, á sì máa ya.

Nígbà tó bá wú di ìlọ́po méjì, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ. Ìgò á lé gbogbo afẹ́fẹ́ etí rẹ̀ dànù. Bí ó bá ń sún kì, ẹ má bá a jà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

Ní ti tòmátì, bí ẹ bá ra tútù ní ọjà Ìpàtà nílùú Ìlọrin wa, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàsé kan, kí ẹ sè é láìfi òróró sí i títí ṣíbí á fi máa la ọ̀nà nísàlẹ̀ ìkòkò tí ọ̀nà náà kò sì ní padé kíákíá. Iyọ̀ àti aáyù ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ ata kọ́ là ń sè, ẹ gbé Maggi sílẹ̀. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ló tó pizza kan.

Ìlọrin la wà, ẹnìkan á ṣáà bèèrè bóyá wàrà lè rọ́pò ṣíìsì. Kò lè yọ́. Àwọn ìyá Fúlàní máa ń fi omi ewé bọmubọmu mú kí mílíìkì dì, wọ́n á sì sè é nínú omi ara rẹ̀. Ooru yẹn ti mú un le débi pé ófùn kankan kò lè sọ ọ́ di ohun tó ń fà. Ṣùgbọ́n ó dùn lórí pizza. Ẹ wé wàrà tútù, kì í ṣe díndín, sínú aṣọ mímọ́, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá rún un pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gbígbẹ díẹ̀. Gíráàmù 60 rẹ̀ pẹ̀lú 60 mozzarella, ṣíìsì tó ń yọ́ tó sì ń fà, dára fún pizza kan. Mozzarella tó le ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ẹ fúnra yín rin ín. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá máa ń ní ìyẹ̀fun lára tí kì í jẹ́ kó yọ́ dáadáa.

Adìẹ gbọ́dọ̀ ti jinná tẹ́lẹ̀. Ṣúyà, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kù ni kó wọlé, kó má baà gan.

Ẹ dojú tíréè onírin tó nípọn dé sórí àgbékà ìsàlẹ̀, kí ẹ tan ófùn fún ìṣẹ́jú 45. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń yá gbóná ju irin lọ, irin gan-an la sì ń dúró dè. Ẹ wọ́n sẹ̀mó sórí pákó, kí ẹ to pizza lé e kíákíá. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mi pákó náà wò: bí kò bá sún, ẹ gbé etí rẹ̀ sókè, kí ẹ da sẹ̀mó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tì í sórí irin gbígbóná náà, ìṣẹ́jú méje, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí àgbékà òkè fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Bí ìdí rẹ̀ bá jó tí ojú rẹ̀ kò tíì pọ́n, àgbékà náà ti sún mọ́ iná jù. Bí ìdí rẹ̀ bá funfun, tíréè kò tíì gbóná tó. Ẹni tí ófùn rẹ̀ kò lágbára rárá lè fi páànù dídín tó nípọn bẹ̀rẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó tó gbé e sí àgbékà òkè.

Bó bá jáde, orí àgbékà wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí fún ìṣẹ́jú méjì, torí ooru tó há sórí àwo á tún sọ ìdí rẹ̀ di rírọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, páànù gbígbẹ lórí iná kékeré ni kí ẹ fi gbé e gbóná, kí ẹ dé e.