Ẹ bi ẹni tó ń bọ̀ láti òkè: ohun tí ọ̀nà Atlas kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Kétu, ní Ìlárá àti ní Ìpóbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti yege nínú ìdánwò BAC tí ẹ ń retí owó ìrànwọ́ láti lọ kàwé ní Mòrókò, ẹ kú ìmúra. Ẹ̀gbọ́n yín tó ti kàwé jáde níbẹ̀ ni mí. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni mo kọ́ ní Marrakech, òkúta náà ló sì mú mi dá wakọ̀ gba orí òkè Atlas lọ sí àwọn àfonífojì aṣálẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa fẹ́ rin ìrìn yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ rìn ín, kí ẹ sì padà wálé láyọ̀.

Àwa ọmọ Kétu mọ ìyà omi. A mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì káàkiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ aṣálẹ̀, òùngbẹ ni ọkàn wa máa ń lọ bá. A ó ra omi, a ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀, a ó rò pé ìmúra ti parí. Ẹ ra omi náà o, kí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó yẹ kó jẹ yín lógún jù ni èyí tó wà lórí òkè, tí ojú yín kò tó.

Ẹ wo àfonífojì Todra, lẹ́bàá ìlú Tinghir. Ògiri àpáta rẹ̀ ga tó 300 mítà lápá ọ̀tún àti òsì. Ibi tó fún jù níbẹ̀ kò fẹ̀ ju bíi mítà 10 lọ, inú rẹ̀ gan-an sì ni ọ̀nà ọ̀dà gbà, òun àti odò kékeré kan tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ là kọjá. Odò yẹn náà ló gbẹ́ àpáta ọ̀hún. Orí òkè tó ti ń ṣàn bọ̀ kò ní igbó, erùpẹ̀ ibẹ̀ kò nípọn. Bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta lásán, kò ríbi wọlẹ̀ sí, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń ya wá sísàlẹ̀. Òjò lè má kán sí yín lára rárá, kí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí àgbàrá sì ká yín mọ́ àárín àpáta. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òjò rọ̀ ní ìhà gúúsù Mòrókò débi pé ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ, ó pa èèyàn ní agbègbè Tata. Adágún Iriqui tó ti gbẹ fún bí ọdún 50 tún gba omi padà.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré. Ibi tí ọ̀nà gbà, fóònù yín á sọ ọ́. Ohun tí ẹ máa béèrè ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè: ṣé òjò rọ̀ ní Imilchil, ìlú orí òkè, lánàá? Ṣé odò ti gorí ọ̀nà níbì kan? Awakọ̀ tó kó èrò bọ̀ láti òkè ni kí ẹ bi. Ẹ kọ́kọ́ kí i ní àsàlámù alékùn, bí a ṣe ń kí ara wa ní mọ́sáláṣí ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, kí ẹ tó wá fi Faransé bá a lọ. Ẹ má fi ìkánjú béèrè. Bàbá kan tó ń ta dàbínù ní Tinghir ni mo bi bóyá ọ̀nà dára. Kò wo ojú ọ̀run rárá. Ó rìn lọ sétí odò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bomi, ó wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Omi náà mọ́. Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá rí i tó pọ́n, tó ń gbé igi wẹ́wẹ́ bọ̀, kí n má dúró ya fọ́tò, kí n gun ibi gíga lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní Mòrókò, n kò rí èyí tó wúlò tó ìyẹn.

Ní ti òkè, ẹ má fi kìlómítà ka ọ̀nà. Láti Marrakech dé Ouarzazate jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 200, àmọ́ ó máa gbà tó wákàtí mẹ́rin, nítorí ọ̀nà Tizi n'Tichka gun òkè dé 2,260 mítà, kọ́nà lórí kọ́nà. Nílé, ẹ̀gbẹ́ òkè Sábẹ̀ ni ọ̀nà wa ń gbà kọjá, kì í gun orí rẹ̀, nítorí náà sísọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn kò mọ́ wa lára. Jíà tó gbé yín gòkè ni kí ẹ fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì látòkè délẹ̀, bíréèkì á gbóná, á rùn, á sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Epo ńkọ́? Kò sí kpayo nínú ìgò lẹ́bàá títì lọ́hùn-ún. Ẹ kún táǹkì ní Boumalne tàbí ní Tinghir.

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Èmi dá rìn, n kò sì kábàámọ̀, nítorí ẹni tó bá dá dúró níwájú àpáta ló ń ráyè wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo jáde láìsọ fún onílé tí mo sùn sí ibi tí mo ń lọ àti aago tí mo máa dé. Fóònù kì í gbé nínú àwọn àfonífojì yẹn. Oòrùn náà kì í pẹ́ níbẹ̀. Àpáta ti bò ó tipẹ́ kí ó tó wọ̀, òtútù á sì dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n retí yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìparí oṣù kẹwàá ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ní ìgbà tó dára jù láti lọ. Ooru ti rọlẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń ká dàbínù, ewé igi etí odò Dadès sì ń di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá fi di oṣù kejìlá, yìnyín lè dí orí Tichka. Wọ́n máa ń gbé irin dábùú ọ̀nà bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ padà sí Marrakech.