Kẹ́hìndé tó pẹ́ lọ́nà: ọ̀rọ̀ Bíńgò àti àwọn ẹṣin Ajẹntínà

Bíńgò kú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ má tíì kí mi kú ara fẹ́ra kù o, ajá ni, ọdún mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ wa, ojú ẹ̀ kan ti funfun, ó kàn lọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ni, kò dìde mọ́. Mo gbé fọ́tò ẹ̀ sórí status, kò tó wákàtí kan, Àǹtí mi tó wà ní Houston ti fi voice note ránṣẹ́, wọ́n ní kí n má sunkún mọ́ jàre, pé ní Texas tiwọn níbẹ̀ kọ́ńpìnnì kan wà tó ń jẹ́ ViaGen, pé wọ́n á bá mi tún Bíńgò ṣe, clone ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara òmíràn ṣe kó lè jọ ọ́, kí n ṣá ti gé díẹ̀ lára ẹ̀ pa mọ́ kí wọ́n tó sin ín. Mo ní èló ni? Wọ́n ní $50,000. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ajá lẹ ń sọ àbí ilẹ̀ ní Lẹ́kí?

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn ṣá. Mo wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ, mo ka ti ajá díẹ̀, mo bá ara mi lórí ti ẹṣin, ibẹ̀ nilẹ̀ mọ́ bá mi sí.

Ọkùnrin kan wà ní Ajẹntínà, Adolfo Cambiaso, póló ló ń gbá, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá lórí ẹṣin. Ní 2006, nínú fáínà Argentine Open, ìdíje póló ńlá ibẹ̀, ẹṣin ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Aiken Cura ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣe é ṣe é, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, síbẹ̀ kò gbà, ìgbà tó yá wọ́n ní kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n Cambiaso ti sọ fún dọ́kítà ẹran pé kó bá òun mú díẹ̀ lára ẹ̀ pa mọ́, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn kò tíì sẹ́ni tó ń gun clone gbá póló níbì kankan. Òun náà ló ni abo ẹṣin kan tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Cuartetera, wọ́n ní eré tó wà lẹ́sẹ̀ ẹṣin yẹn, ó máa ń sáré burúkú, á sì dúró gbọn-in lójú kan. Wọ́n ṣe clone ẹ̀. Ní 2010 wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní Buenos Aires ní $800,000, ọmọ ẹṣin tí kò tíì rí bọ́ọ̀lù póló sójú rí o! Lówó náírà ìgbà yẹn gan-an, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti December 2016. Ẹ mọ̀ pé nínú póló, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹṣin, torí chukka kan, ìyẹn abala eré kan, ò ju bí ìṣẹ́jú méje lọ, ẹṣin á sì ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú fáínà ọdún yẹn, ẹṣin mẹ́fà tí Cambiaso gùn, clone Cuartetera ni gbogbo wọn, wọ́n kàn fún wọn ní nọ́mbà ni, Cuartetera 01, Cuartetera 02, títí dé 06. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Cuartetera, ó ń gun Cuartetera. Àwọn ló sì gba ife ẹ̀yẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Bó ṣe yé mi rèé. Wọ́n á gé awọ bíńtín lára ẹṣin tí wọ́n fẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ á máa dàgbà nínú abọ́ ní láàbù. Wọ́n á wá wá ẹyin abo ẹṣin mìíràn (ẹyin inú o, kì í ṣe ti adìyẹ), òmíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ látinú ẹṣin tí wọ́n pa lódò ẹran ni wọ́n ti ń kó o. Ẹyin yẹn, ẹ gbà pé yàrá ni. Wọ́n á lé ayálégbé inú ẹ̀ jáde, ìyẹn DNA tó bá a wá, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ẹran ṣe máa rí, wọ́n á wá fi sẹ́ẹ̀lì ẹṣin tiwọn rọ́pò ẹ̀, wọ́n á fi iná mànàmáná díẹ̀ kàn án kó lè rò pé òun ti di oyún. Tó bá gbà, ó di inú abo ẹṣin kẹta, ìyẹn ló máa gbé e fún bí oṣù mọ́kànlá. Nǹkan kan wá wà tí àwọn ọlọ́jà yìí kì í pariwo: ayálégbé tí wọ́n lé jáde yẹn kì í kó gbogbo ẹrù ẹ̀ lọ. DNA díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ yàrá, ti ìyá tó ni ẹyin. Torí náà láti inú yàrá yẹn gan-an ni clone ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ẹni tí wọ́n fi ṣe é.

Gbogbo ayé ló mọ Dolly, àgùntàn Skọ́tlándì tí wọ́n bí ní July 1996, ẹyin 277 ni wọ́n fi gbìyànjú kí òun nìkan tó jáde láàyè. Ti ẹṣin le jùyẹn lọ. Ìbaaka ló kọ́kọ́ dé, Idaho Gem, ní May 2003 ní Yunifásítì Idaho, oṣù yẹn kò tíì parí tí Prometea fi dé ní Cremona ní Itálì, òun ni ẹṣin àkọ́kọ́. Dókítà Cesare Galli àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi sẹ́ẹ̀lì sínú ẹyin 841, ẹ ka nọ́mbà yẹn dáadáa, ẹyọ kan ṣoṣo ló bí. Ẹ tún wá gbọ́, abo ẹṣin tí wọ́n gé awọ lára ẹ̀ náà ni wọ́n gbé oyún yẹn fún. Ìkejì ara ẹ̀ ló gbé, ìkejì ara ẹ̀ ló bí, ó sì tún ń fún un lọ́mú! Ká ní ilé wa ni, ṣé "Màámi" ni Prometea máa máa pè é ni àbí "Ẹ̀gbọ́n"?

Ibi tí mo wá ń lọ rèé. Àǹtí mi rò pé clone túmọ̀ sí pé Bíńgò jí dìde, bí àkúdàáyà tó lọ ń gbé ìlú mìíràn. Rárá o. Ìbejì ni. Kẹ́hìndé tó rán Táyé lọ tọ́ ayé wò, tó wá jókòó sínú fìríìsà, tí kò tètè dé. Ẹ bá mi bi ìyá ìbejì kankan ní Igbó-Ọrà, kódà kí wọ́n jọra bí ìmumu, ṣé wọ́n á gbà fún yín pé èèyàn kan ni Táyé àti Kẹ́hìndé? Àwọn ìbaaka Idaho yẹn, mẹ́ta ni wọ́n, sẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, méjì nínú wọn sáré ìje ní Nevada ní 2006, wọn ò jọ dé o, Idaho Gem ṣíwájú, Idaho Star ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ológbò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Texas A&M ní 2001, CC, àwọ̀ ara ẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n fi ṣe é. Ó pupa díẹ̀ lára ìyẹn, kò pupa rárá lára CC.

Àbíkú gan-an, wọ́n ní tí wọ́n bá fi abẹ sàmì sí i lára, àmì yẹn ló máa ń gbé padà wá. Clone kì í gbé àpá wá. Bíńgò ní etí kan tó ya, ọ̀kadà ló gbá a nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, látìgbà yẹn tó bá ti gbọ́ ọ̀kadà báyìí, abẹ́ tábìlì ló máa ń wọ̀, etí yíya yẹn á máa gbọ̀n. Ta ló máa ṣe ìyẹn ní Texas?

Mi ò ní kò wúlò o. Àwọn tó ń fi ẹṣin fò, ọ̀pọ̀ akọ wọn ni wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá láti kékeré kó má baà ya pòkíì, ìgbà tó bá wá di ògbóǹtarìgì tán ni wọ́n á mọ̀ pé àwọn ò lè rí ọmọ gbà lára ẹ̀. Clone lè bímọ ní tiẹ̀. Gem Twist ti Amẹ́ríkà, báyẹn ni wọ́n ṣe é, wọ́n bí Gemini ní 2008, òun ni wọ́n fẹ́ máa fi gun abo. FEI tó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé ti kọ́kọ́ fòfin de clone ní 2007, wọ́n gbà á ní 2012. Àwọn ẹlẹ́ṣin ìje Thoroughbred ní tiwọn ò gbọ́ rárá, àwọn yẹn ní kí akọ gun abo fúnra ẹ̀ ni, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún abo lóyún gan-an wọn ò fẹ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Kurt. Ẹṣin igbó Przewalski, ti pápá Mòǹgólíà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, àwọn tó ṣẹ́kù lóde òní, ẹṣin méjìlá tí wọ́n mú nínú igbó ni púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ti wá, ẹ̀jẹ̀ wọn wá sún mọ́ra jù. Wọ́n ti fi sẹ́ẹ̀lì akọ kan sínú fìríìsà ní San Diego láti 1980, akọ yẹn kú ní 1998, August 2020 wọ́n bí Kurt látara ẹ̀. Ẹṣin ilé lásán ló bí i, kò wá mọ ìṣe ẹṣin igbó, wọ́n ní láti wá ọmọge kan, Holly, tó jẹ́ irú ẹ̀ tì í kó lè kọ́ ọ. Ìyẹn nílò Kẹ́hìndé, owó yẹn ò dùn mí.

Èmi ò gé nǹkan kan pa mọ́ lára Bíńgò. Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí Àǹtí mi, wọ́n ní ìwé mi ti pọ̀ jù. Bùọ̀dá Sọjí ti gbé ajá kékeré kan wá fún wa ní Sátidé, etí ẹ̀ méjèèjì pé, sísùn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní ká fara balẹ̀ ká wá orúkọ gidi fún un. Màámi ti ń pè é láti kíṣìnnì láti àná: "Bíńgò! Bíńgò, wá gba eegun ẹ!"