Ọbabìnrin Inú Ìwé àti Ọbabìnrin Òǹdó

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ní Manchester, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ tó wákàtí tí èmi àti ọmọbìnrin mi fi máa ń kàwé kí ó tó sùn. Ìwé tí a ń kà ní ìparí ọdún tó kọjá jẹ́ ìtàn àròsọ nípa ọmọdébìnrin kan tí ó gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ láìtíì pé ogún ọdún, tí àwọn ìjòyè kò sì kà á sí, títí ó fi rí àwọn ìwé àtayébáyé nínú yàrá kan tí wọ́n ti tì pa láàfin, tí ó sì ń kọ́ idán inú wọn. Ohun tí ó wù mí jù ni pé idán náà kì í ṣe ọ̀fẹ́: ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí ó bá kà, yóò gbàgbé ohun kan nípa ìgbà èwe rẹ̀.

Nígbà tí a wálé fún Kérésìmesì, ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ dání wá sí Òǹdó. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi ní Òkè Àgúnlá, ó ń sọ ìtàn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń túmọ̀. Bí ó ti dé ibi tí ọbabìnrin náà ti ka ọfọ̀ jáde, ìyá mi dá a dúró.

"Wọ́n kọ ọfọ̀ sílẹ̀ kẹ̀? Ẹni tí kò yẹ ńkọ́, tí òun náà bá mọ̀wé kà?"

Ọmọ mi la ẹnu sílẹ̀, nítorí pé ìyọnu tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní orí tó tẹ̀ lé e gan-an nìyẹn. Ó wá béèrè bóyá obìnrin ti jọba níbí rí. Ó dùn mí dé ọkàn, nítorí pé Òǹdó ni wọ́n bí mi sí, n kò sì sọ fún un rí.

Ìyá mi ní obìnrin ló kọ́kọ́ jọba Òǹdó, Púpùpú lorúkọ rẹ̀. Ìbejì ni, wọ́n sì bí i láàfin nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Ọba kígbe pé èsè, ìyẹn ohun èèwọ̀, ni àwọn ọmọ náà. Igbe yẹn ni wọ́n ní Ọṣemàwé, oyè ọba Òǹdó, ti jáde. Wọ́n lé ìyá àti àwọn ọmọ kúrò nílùú, wọ́n la igbó kọjá, títí Ifá fi ní kí wọ́n máa gún igi tí a fi ń ta iṣu mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, ibi tí kò bá ti wọlẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n dé Òkè Àgúnlá tí a jókòó sí yìí, ní ilẹ̀ Òǹdó yìí ni igi sì ti kọ̀. Ọmọ mi wo ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Púpùpú lọ́kùnrin ló jọba tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin ló sì ń jẹ Ọṣemàwé títí dòní. Ṣùgbọ́n obìnrin ní í jẹ Lóbùn, ọba obìnrin, tí ó ní ipa tirẹ̀ nínú ìfijoyè Ọṣemàwé, tí ọ̀rọ̀ ọjà àti Ajé sì so mọ́ oyè rẹ̀.

Àwọn ojú ewé funfun kan wà ní ẹ̀yìn ìwé náà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ń kọ ọ́ sí, tí ìyá mi ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ohùn rẹ̀ lè bọ́ sí i. Nígbà tí iná lọ, mo tan fóònù mi sí wọn lórí, a kò sì dìde títí àmì ohùn fi pé lórí orúkọ Púpùpú.