Ṣé kò ní ṣí?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ọjà ló gbà mí lọ́wọ́, iná náà ò sì sí láti fi cháàjì fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú mi látọjọ́ tá a ti ka Mátíù orí 5 ní Bíbélì sítọ́dì, mo ní kí n yáa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé adìrẹ ni mo ń tà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Ẹni tó bá ti wọ Ìtòkú rí á mọ bó ṣe máa ń rí, o ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tán tí wọ́n á ti máa fà ẹ́ lápá, àǹtí ẹ wá wo tèmi, bọ̀dá tiyín rèé. Ẹni tó ń ta ojúlówó ẹlẹ́kọ, ìyẹn adìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí wọ́n tó pa á láró, wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà tó sì ń pe òun náà ní adìrẹ wà níbẹ̀. Gbogbo kọ́sítọ́mà ló ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi wá: ṣé kò ní ṣí? Ìyẹn ni pé, ṣé aró ẹ̀ ò ní máa jáde.

Ìdáhùn wa náà kì í yàtọ̀. "Háà! Kò lè ṣí láéláé, mo fi Ọlọ́run búra." Ẹlòmíì á fi ìka kan ahọ́n, á nà án sókè ọ̀run. Èmi náà ń ṣe é o, èmi tí mo wà ní kúáyà.

Lọ́dún tó kọjá ìyá kan wá ra yáàdì mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé aró aṣọ yẹn ò mú dáadáa. Ẹni tó bá mi pa á láró ti kánjú, kò jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i tó kó tó tún rì í sínú aró, kò sì ṣàn án dáadáa, ọwọ́ mi gan ti gba aró nígbà tí mo ń ká a. Mo yáa fi ìró nu ọwọ́ kí ìyá má baà rí i. Wọ́n wá ní ṣé kò ní ṣí, mo ní "Mà, mo fi Jésù búra."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n padà wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n yọ bùláòsì léèsì funfun kan jáde nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, aró ti ràn mọ́ ọn láti abíyá dé ìbàdí, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi bí ẹni tẹ́ ọjà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Jésù tó o fi búra ni mo gbà gbọ́ o, kì í ṣe ìwọ."

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ti fi owó yẹn ra ọjà míì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tó san ₦24,000 wọn padà. Bùláòsì yẹn ni mi ò san, wọn ò sì bi mí.

Òun ni mo rántí nígbà tá a dé ibi tí Jésù ti ní ká má ṣe búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, kí bẹ́ẹ̀kọ́ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́. Ó tiẹ̀ ní kéèyàn má fi orí ara ẹ̀ búra torí kò lè sọ irun kan di funfun tàbí dúdú. (Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa sọ funfun di dúdú.) Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti wọ̀lú yìí láti 1843, Crowther tó bá wa túmọ̀ Bíbélì náà gbé níbí, láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà lédè wa, ẹ wá wo iye ìgbà tá a ti ka Mátíù 5 l'Abẹ́òkúta, èmi wá ń fi Jésù ta aṣọ tó ń ṣí.

Ẹnì kan ní kíláàsì wa sọ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni ọjà níná náà. Mi ò gbà. Tí mo bá pe aṣọ ní ₦15,000, èmi àti ẹni tó ń rà á la jọ mọ̀ pé ó máa wálẹ̀, ta la wá tàn jẹ níbẹ̀? Àmọ́ "iye tí mo rà á gan-an nìyẹn, mi ò jèrè kọ́bọ̀", irọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Ẹ̀yin oníbàárà náà ẹ má rẹ́rìn-ín, Òwe 20:14 ti tú àṣírí yín, ẹ ó ní ọjà ò dáa, ọjà ò dáa, tẹ́ ẹ bá délé tán ẹ ó máa fi yangàn.

Ní báyìí ohun tí mo ń sọ ni pé á ṣí díẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Àwọn kan ń kọjá lọ sha. Lọ́jọ́ Sátidé bọ̀dá kan gbé ẹlẹ́kọ mi lọ́wọ́, ó ní "Ẹ búra pé ojúlówó ni." Mo ní mi ò kí ń búra sà, àmọ́ ojúlówó ni. Ó wò mí bí ẹni wo olè. Sọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ló lọ, aládùúgbò mi búra fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì san owó. Ti Ṣáínà ni aṣọ tó gbé lọ, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń wò ó yìí, mo sì dákẹ́, torí èmi àti aládùúgbò mi la jọ ń pọnmi, òun ló ń bá mi ṣọ́jà tí mo bá lọ mú ọmọ ní sùkúù.

Aládùúgbò mi ka owó ẹ̀ tán, ó ra ẹ̀pà ₦500, ó ní kí n wá jẹ.

Mo jẹ ẹ́.